Epo, Òróró, Àdín: Ohun Tí Ọ̀rá Ń Ṣe Nínú Ṣàkì Màlúù

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá mi ní Oda níbí ti yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ fóníìmù àti mófíìmù mọ́. Ohun tí aládùúgbò mi kan tó ń sin màlúù mẹ́fà bi mí nìyí: "Prof, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Wọ́n ní téèyàn bá ń da epo pupa sí oúnjẹ màlúù, wàrà á máa ya jáde bí omi ẹ̀rọ. Ṣé òótọ́ ni, sà?"

Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe dókítà ẹran, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé é kà lè ka ìwé iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo sì kà á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé epo lè mú kí wàrà dára sí i, ó sì lè bà á jẹ́ pátápátá. Irú ọ̀rá tí a lò àti ìwọ̀n rẹ̀ ló máa sọ èwo ni yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe ń kà á ni pé èdè Yorùbá ti pín àwọn ọ̀rá wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta tipẹ́tipẹ́: epo, òróró, àdín. Ìpín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí ikùn màlúù ń ṣe mu. Ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ní 2021 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tó ka dída ẹran jẹko káàkiri léèwọ̀. Èmi ò ní í dá ẹjọ́ òṣèlú níbí. Ohun tí òfin náà dá sílẹ̀ ló kàn mí: màlúù tí kò gbọdọ̀ rìn lọ bá koríko mọ́, dandan ni kí koríko rìn wá bá a. Ẹni tó bá ti gé èèsún fún màlúù rí mọ̀ pé kò rọrùn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko á gbẹ, tí á le gan-gan bí igi ìdáná. Màlúù funfun àwọn Fúlàní tí gbogbo wa mọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bunaji, kì í sábà fún olówó rẹ̀ ní ju lítà kan sí mẹ́ta lọ lójúmọ́ bó bá jẹ́ koríko inú igbó nìkan ló ń jẹ. Ọmọ rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ mu.

Ẹ wá wo ibi tí à ń gbé. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni gúúsù ìpínlẹ̀ wa. Ìhà Òkìtìpupa àti Ìrèlè kún fún ọ̀pẹ. PKC, ìyẹn ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ̀rọ bá ti fún àdín kúrò lára èkùrọ́, kò ṣòro rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ. Ẹni tó bá ní màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, ó di dandan kó rò ó pé kí òun so méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè yìí ń wá wàrà lójú méjèèjì. Ní 2019 ni Báńkì Àpapọ̀ sọ pé òun kò ní í máa ta dọ́là fún àwọn tó ń kó wàrà wọlé mọ́. Nígbà tó di 2020, ó fi àyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré. Ọ̀kan nínú wọn ni FrieslandCampina WAMCO, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti nǹkan bí 2010. Nítorí náà, bí lítà kan ṣe máa di méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ ni, ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran sì ni pẹ̀lú.

Ṣàkì kí ó tó dé inú ọbẹ̀

Bí a bá gbọ́ ṣàkì, ọbẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí màlúù ṣì wà láàyè, àpò ńlá ni ṣàkì, apá òsì ikùn ló sì wà. Yàrá mẹ́rin ni ikùn màlúù ní. Èyí tó ní irun wúruwùru bí táwẹ̀lì, tí àwọn alápatà máa ń fọ̀ títí á fi mọ́, ni ó tóbi jù. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní rumen. Èkejì ní ojú wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta ní ewé lórí ewé bí ìwé tí a ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló jọ ikùn tiwa, tó ní omi kíkan tó ń da oúnjẹ. Nínú màlúù ńlá, rumen nìkan lè gba ju lítà 100 lọ. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì epo oní-lítà 25 mẹ́rin nínú ikùn ẹranko kan ṣoṣo.

Màlúù fúnra rẹ̀ kò lè da okùn líle inú koríko, bí èmi àti ẹ̀yin kò ṣe lè dà á. Àwọn ayálégbé rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Nínú ẹ̀kán omi ṣàkì kan tó jẹ́ mílílítà kan péré, bakitéríà tó wà níbẹ̀ lè ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Àwọn ẹ̀dá kan tó tóbi jù wọ́n lọ, tí à ń pè ní protozoa, lè tó mílíọ̀nù kan nínú ìwọ̀n kan náà. Ẹbí olú àti èébu náà wà ńbẹ̀. Ọdún 1975 ni Colin Orpin fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé irú wọn ń gbé ibi tí kò sí atẹ́gùn rárá. Ará Amẹ́ríkà kan, Robert Hungate, ló kọ́ ayé ní bí a ṣe ń tọ́ àwọn bakitéríà wọ̀nyí nínú ìgò láìjẹ́ kí atẹ́gùn kàn wọ́n. Ìwé rẹ̀ lórí rumen jáde ní 1966, wọ́n sì ń lò ó títí dòní.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ògì ni. Ẹ rẹ àgbàdo, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, á kan. Ẹ dá ẹmu, á máa hó. Ṣàkì ń kan, ó sì ń hó lójoojúmọ́ láìsinmi, nínú ooru tó tó 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn bakitéríà á jẹ koríko, wọ́n á sì tu ásíìdì mẹ́ta jáde: acetate, tó jẹ́ ti inú fínígà, propionate, àti butyrate. Àwọn ásíìdì wọ̀nyí ni màlúù ń fà mu gba ara ṣàkì, àwọn ló sì ń fún un ní bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ń lò. Ẹ fi méjì sọ́kàn: acetate ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú ọ̀rá wàrà, propionate ni ẹ̀dọ̀ màlúù ń sọ di ṣúgà, ṣúgà yìí ló sì ń pinnu bí wàrà yóò ṣe pọ̀ tó.

Bí ásíìdì bá ń jáde báyìí, kí ló dé tí ṣàkì kò kan jù? Àpọ̀jẹ ni. Bíbélì Yorùbá ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí, nínú Léfítíkù orí 11. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀: à-pọ̀-jẹ. "Pọ̀" inú rẹ̀ kì í ṣe ti "ó pọ̀." Pọ̀ tó túmọ̀ sí kí á bì ni. Màlúù á pọ koríko padà sí ẹnu, á sì tún un jẹ. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni itọ́ ń ṣàn, itọ́ màlúù ńlá sì lè tó lítà 100 lójúmọ́. Itọ́ yìí ń ṣe iṣẹ́ káún: ó ń pa oró ásíìdì. Ìdí nìyẹn tí màlúù tí kò jẹ àpọ̀jẹ fi ń ṣàìsàn.

Ọ̀rá wọlé

Koríko kò ní ọ̀rá púpọ̀. Ìdá méjì sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Ìwọ̀n yìí ni ṣàkì mọ̀. Bí a bá da òróró sí i, nǹkan mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀.

Èkíní, bakitéríà á tú ọ̀rá náà ká. Ọ̀rá dà bí oyè kan tí ìrù mẹ́ta rọ̀ mọ́: glycerol ni orí, ásíìdì ọ̀rá ni ìrù. Wọ́n á gé ìrù kúrò lára orí, wọ́n á jẹ orí.

Èkejì, wọ́n á na ìrù tó bá wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ásíìdì ọ̀rá kan gún gbọọrọ, òmíràn tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Igi ìdáná tó gún ṣeé dì, èyí tó wọ́ kò ṣeé dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá: èyí tó gún máa ń dì nínú òtútù, èyí tó wọ́ máa ń dúró ní omi. Ẹ ò rí i pé Yorùbá fi "dì" kan náà sọ ti igi àti ti epo! Ọ̀rá tó wọ́ jẹ́ oró fún bakitéríà, nítorí náà wọ́n á fi háídírójìn nà án títí á fi gún. Ọdún 1951 ni Reiser ti kọ́kọ́ fi omi ṣàkì àgùntàn hàn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Jámánì kan, Wilhelm Normann, ti rí ọgbọ́n yìí dá nínú ẹ̀rọ ṣáájú, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1902, òun sì ni wọ́n fi ń sọ òróró di bọ́tà orí búrẹ́dì. Màlúù ti ń ṣe é tipẹ́ kí wọ́n tó bí Normann. Ìdí nìyí tí ọ̀rá màlúù fi máa ń dì gbagidi lórí ọbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá inú koríko tó jẹ kì í dì.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rá bá pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè nà lọ, wàhálà dé. Ọ̀rá á bo koríko, bakitéríà kò ní í rí ibi dì mú. Àwọn tó ń jẹ okùn koríko á kú tàbí kí wọ́n rọ. Koríko á dúró nínú ṣàkì láì dà, ikùn á kún, màlúù á sì kọ oúnjẹ. Acetate á dínkù, ọ̀rá wàrà á sì dínkù pẹ̀lú rẹ̀.

Ewu kan tún wà tó fara sin. Bó bá jẹ́ pé èèpo pákí àti àgbàdo ni màlúù ń jẹ jù, ṣàkì á kan, ọ̀nà tí bakitéríà ń gbà na ọ̀rá á sì ṣì. Nǹkan kan á jáde lójú ọ̀nà tó ṣì yẹn tí wọ́n ń pè ní trans-10, cis-12 CLA. Ní 2000 ni Baumgard, Bauman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Cornell fi hàn pé gíráàmù mélòó kan nínú rẹ̀ lójúmọ́ tó láti dín ọ̀rá tí ọmú màlúù ń ṣe kù gan-an. Wàrà á ṣì máa jáde, ṣùgbọ́n á ṣàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ẹni tó ń ta nónò lè má tètè fura. Ìyá tó ń se wàrà díndì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀: á da ewé bọmubọmu sí i bí ó ti ń ṣe, ohun tí á kó sínú apẹ̀rẹ̀ kò ní í tó ti àná.

Orúkọ mẹ́ta, ìwà mẹ́ta

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní "oil" kan fún gbogbo rẹ̀. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Epo ni ti ọ̀pẹ, èyí tó pupa. Nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ palmitic, ásíìdì tó gún. Ìdá 40 jẹ́ oleic, tó wọ́ díẹ̀. Ìdá 10 péré ni linoleic, tó wọ́ gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ tutù díẹ̀ sí ṣàkì. Palmitic sì wà lára ohun tí ọmú màlúù fi ń ṣe ọ̀rá wàrà, nítorí náà epo níwọ̀nba lè mú kí wàrà kún sí i.

Òróró ni ti ẹ̀pà, sóyà, ègúsí. Ju ìdajì òróró sóyà lọ ló jẹ́ linoleic. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún bakitéríà láti nà, òun ló sì tètè ń ti ọ̀rá wàrà wálẹ̀ bí oúnjẹ kò bá ní koríko tó. Ó ní àǹfààní tirẹ̀ o: ó ń jẹ́ kí bọ́tà rọ̀, ó sì ń fi irú CLA mìíràn sínú wàrà, èyí tí Michael Pariza ní Wisconsin ṣèwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980.

Àdín ni ti èkùrọ́. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni lauric, ásíìdì kúkúrú tó gbóná lára kòkòrò àìfojúrí. Ó ń pa protozoa, ó sì ń ṣe àwọn tó ń ṣe gáàsì mẹ́téènì lọ́ṣẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé Èṣù kì í jẹ àdín. Àwọn ayálégbé inú ṣàkì náà kọ̀ ọ́. Ohun tó wá wú mi lórí jù ni pé òróró àgbọn, a kì í pè é ní epo. Àdín àgbọn là ń pè é. Bí ẹ bá sì gbé òróró àgbọn lọ sí ilé àyẹ̀wò, lauric ni ó kún inú rẹ̀, bí i ti èkùrọ́ gẹ́lẹ́. Igi méjèèjì yàtọ̀, èso wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n èdè wa kó wọn sábẹ́ orúkọ kan. Èmi ò sọ pé àwọn baba wa mọ kẹ́místrì. Òórùn, bí ó ṣe ń dì, àti bí a ṣe ń yan án kó tó jáde ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò ó kò ṣì wọ́n lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́téènì yẹn ṣe pàtàkì. Màlúù máa ń gùnfẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú oúnjẹ ọgọ́rùn-ún náírà, bíi náírà mẹ́fà ló ń bá gáàsì yìí lọ, gáàsì náà sì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé fún ìdá kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá tí a bá fi kún oúnjẹ, mẹ́téènì lè fi bí ìdá mẹ́rin sí márùn-ún dínkù. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí èrè nínú kí á dín gáàsì kù kí ebi sì pa màlúù.

Èló ló tó?

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé ni pé gbogbo ọ̀rá inú oúnjẹ màlúù, ti koríko àti ti ohun tí a fi kún un, kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́fà sí méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, lẹ́yìn tí a bá yọ omi kúrò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún màlúù kan tó wọn 300 kìlógíráàmù.

Irú màlúù bẹ́ẹ̀ á jẹ bíi kìlò 7.5 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Ká ní kìlò 5.5 jẹ́ koríko tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún: gíráàmù 110 nìyẹn. Kìlò méjì tó kù jẹ́ PKC tí ẹ̀rọ fún, tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́jọ: gíráàmù 160. Àpapọ̀ jẹ́ 270. Bí ààlà wa bá jẹ́ ìdá mẹ́fà, gíráàmù 450 ni a kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun tó ṣẹ́ kù fún epo ni gíráàmù 180, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 200. Ìgò kóòkì kékeré kò ní í kún.

Ẹni tó bá wá da lítà epo kan sí i ńkọ́? Lítà epo kan wọn bíi gíráàmù 910. Ọ̀rá inú oúnjẹ á di 1,180 nínú kìlò 8.4, ìyẹn ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì ààlà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni yẹn á fi owó ra epo, á fi epo pa àwọn tó ń bá a da koríko, á sì tún máa bi ara rẹ̀ pé ta ló ń ṣe màlúù òun.

Ẹ kíyè sí i pé PKC ti gbé púpọ̀ nínú ọ̀rá náà wá kí a tó dé orí epo. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oúnjẹ tí a ti fún òróró rẹ̀ kò ní òróró mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. PKC tí ẹ̀rọ fún ṣì lè ní ìdá mẹ́fà sí mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ̀ kì í ju ìdá kan sí méjì lọ.

Ọṣẹ tí màlúù ń jẹ

Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí ọ̀rá á fi gba inú ṣàkì kọjá láì ba nǹkan jẹ́? Ọ̀nà wà. Gbogbo ẹni tó bá ti fi omi kànga kan fọṣọ tí ọṣẹ kọ̀ tí kò hó, tí funfun kan sì ń léfòó lójú omi, ti rí i. Kálíṣíọ̀mù inú omi náà ló dì mọ́ ọ̀rá inú ọṣẹ, ó sọ ọ́ di ohun tí kò lè yọ́ nínú omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Donald Palmquist àti Thomas Jenkins ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ronú pé ohun tó ń bí alágbàfọ̀ nínú yìí lè wúlò fún màlúù. Wọ́n so ọ̀rá ọ̀pẹ mọ́ kálíṣíọ̀mù. Nínú ṣàkì tí kò kan jù, ọṣẹ náà kì í tú, bakitéríà kì í mọ̀ pé ó kọjá. Bó bá dé yàrá kẹrin, tí omi kíkan wà, á tú, ìfun á sì fà á mu. Megalac ni orúkọ tí wọ́n fi ń ta irú rẹ̀, ọ̀pẹ sì ni wọ́n fi ń ṣe é títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ fún màlúù ní ọṣẹ dúdú o! Eérú ni a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, kì í ṣe kálíṣíọ̀mù; ó máa ń yọ́ nínú omi, nínú ṣàkì ni gbogbo ọ̀rá rẹ̀ á tú sí. Bákan náà, bí màlúù bá ń jẹ èèpo pákí jù, tí ṣàkì rẹ̀ sì kan, ọṣẹ kálíṣíọ̀mù pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í tú níbi tí kò yẹ.

Èkùrọ́ wa lókè òkun

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni màlúù àti ọ̀pẹ. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ìlú Hamburg ní Jámánì ni púpọ̀ nínú èkùrọ́ ilẹ̀ wa ń lọ. Wọ́n á fún un níbẹ̀: àdín á lọ sí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti bọ́tà, PKC á lọ sí ẹnu màlúù àwọn àgbẹ̀ Jámánì. Àwọn ìyá tó ń pa èkùrọ́ lórí òkúta níhìn-ín ló ń bọ́ màlúù tí ń fún wọn ní wàrà lọ́hùn-ún, wọn kò sì mọ̀.

Ní Kánádà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 tí àwa ń jiyàn lórí darandaran, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé bọ́tà àwọn kò rọ̀ mọ́ lórí tábìlì. Ẹ̀sùn náà bọ́ sórí ọ̀rá ọ̀pẹ tí àwọn àgbẹ̀ ń fún màlúù, nítorí palmitic pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníwàrà ibẹ̀ bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá nǹkan mìíràn lò. Ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀ fún wa ni pé ohun tí màlúù jẹ ń dé orí búrẹ́dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣàkì ti yí i padà lójú ọ̀nà.

Ohun tí a lè ṣe ní Oda àti Oǹdó

Koríko ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ewé agúnmániyè tútù dára láti fi kún un. Bí koríko kò bá tó, kò sí epo tó lè tún un ṣe. PKC ni kí ẹ fi ṣìkejì. Ó ní purotéènì bíi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí epo kò ní rárá. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi fún un tàbí kẹ́míkà. Bó bá ń rùn bí epo tó ti bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì fún àgùntàn ní PKC lọ títí: kọ́pà inú rẹ̀ pọ̀ fún wọn, ó ti pa àgùntàn púpọ̀ ní Malaysia. Ti màlúù kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó dé orí epo. Ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ, ẹ má dà á sínú omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, kí ẹ sì máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọn ayálégbé ṣàkì lè mọ̀ ọ́n lára. Epo ní àǹfààní kan nínú ooru wa: agbára inú gíráàmù rẹ̀ kan ju ìlọ́po méjì ti àgbàdo lọ, dídà rẹ̀ kì í sì í mú ara màlúù gbóná bí ti koríko líle. Ẹ máa wo àmì mẹ́ta: oúnjẹ tó ń ṣẹ́ kù nínú agbada, ìgbẹ́ tí koríko inú rẹ̀ kò dà, àti màlúù tó dùbúlẹ̀ láì jẹ àpọ̀jẹ. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ gé epo kúrò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè. Lára àpò oúnjẹ ẹran tí à ń rà ní Àkúrẹ́, ìwọ̀n ọ̀rá wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "crude fat", pẹ̀lú nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ìṣirò òkè yìí dúró lé. Àgbẹ̀ tí kò lè kà á ń fi owó ra ohun tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí láti 1981 ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti iṣẹ́ àwa elédè ni kí nọ́ńbà yẹn di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ń ta oúnjẹ àti ẹni tó ń rà á. Títí dìgbà náà, ẹ ní kí ọmọ yín tó mọ̀wé kà á fún yín kí ẹ tó sanwó.